Ẹ Yí I Padà, Ẹ Ka Ẹ̀yìn Rẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti lóyún ọmọ mi àkọ́kọ́ ní Houston ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ ọ́gáníìkì yí. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ ní kí n ṣọ́ra fún oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sára ẹ̀fọ́. Àwọn obìnrin tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òfin pé ọ́gáníìkì nìkan ni ká máa rà. Owó tí mo ń gbà níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru kò tó nǹkan, síbẹ̀ nígbà náà, n kì í ra mílíìkì, ẹyin tàbí bisikíìtì tí wọn ò bá kọ ọ́gáníìkì sí lára. Ọkọ mi ní tó bá yá, iyọ̀ gan-an ni màá máa wá ti ọ́gáníìkì rẹ̀ kiri. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, àmọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n lọ ka òfin tó de ọjà ọ́gáníìkì. Mo bá a níbẹ̀ pé iyọ̀ àti omi kì í jẹ́ ọ́gáníìkì. Wọn kì í kà wọ́n mọ́ ọn rárá nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ìdá tó jẹ́ ọ́gáníìkì nínú ọjà.

Ní 1990 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin náà, ó sì di oṣù kẹwàá 2002 kí ìlànà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òǹtẹ̀ roboto tí wọ́n kọ USDA, ìyẹn iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, sí kì í ṣe ti ẹni tó bá ṣáà wù. Ó kéré tán, ìdá 95 nínú 100 ohun tó wà nínú ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́gáníìkì kó tó lè gbé e. Tó bá tó 70 ṣùgbọ́n tí kò tó 95, wọ́n lè kọ “made with organic” síwájú, kí wọ́n sì dárúkọ èròjà tí wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ kò sí òǹtẹ̀ fún wọn. Tí kò bá tó 70, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, láàárín orúkọ èròjà, nìkan ni wọ́n ti lè sọ ọ́. Fún ìdí yìí, iwájú páálí kò ká mi lára mọ́. Mo máa ń yí i padà, kí n wo ìsàlẹ̀ orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n kọ orúkọ àjọ tó yẹ iléeṣẹ́ náà wò tó sì fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ọjà tó bá pariwo níwájú tí kò ní orúkọ kankan lẹ́yìn, mo dá a padà sórí pẹpẹ.

Bí wọ́n ṣe dáko ni òǹtẹ̀ yẹn ń jẹ́rìí sí. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ta láìfojú kan ajílẹ̀ tàbí oògùn tí òfin kà léèwọ̀ kí wọ́n tó kórè lórí rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ gbin irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀gbin tó ń ṣàn wá láti ilé ìyàgbẹ́ ìgboro ṣe ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fín oògùn o! Epo dóńgóyárò wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe, irú èyí tí bàbá mi máa ń gbé páǹpù sẹ́yìn fín sí kòkó ní Ìdànrè kí èso má baà dúdú, òun náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní wọn kì í fín ohunkóhun sí ọ́gáníìkì, ẹ bi í bóyá ó ti dáko rí.

Ṣé oúnjẹ ọ́gáníìkì wá ń ṣara lóore ju èyí tí kì í ṣe ọ́gáníìkì lọ? Ní 2012, àwọn dókítà ní Stanford kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọn kò rí ẹ̀rí tó lágbára pé èròjà aṣaralóore inú rẹ̀ sàn jù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ti yunifásítì Newcastle ní England kó tiwọn jọ, wọ́n ní ìyàtọ̀ wà. Wọ́n ṣì ń jiyàn. Èmi tí mo ń fi owó òru ra oúnjẹ kò lè dúró dè wọ́n, ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kò ni mo dì mú: oògùn kòkòrò tó ń ṣẹ́ kù sára ti ọ́gáníìkì kéré. Ìyẹn ni mo fi ń pín owó mi. Spinach tí mo fi ń se ẹ̀fọ́ rírò, ọ́gáníìkì ni, èyí tó ti di yìnyín ni mo sì ń rà torí kò wọ́n tó tútù. Strawberry náà bẹ́ẹ̀, nítorí tọmọdé tàgbà ń jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, àlùbọ́sà, píà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àwọn tí èèpo wọn ń lọ sínú ààtàn, èyí tó bá pọ́ọ́kú ni mo ń gbé. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èso gan-an ń sọ̀rọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lásán ń jẹ́ 4011, ti ọ́gáníìkì ń jẹ́ 94011.

Bisikíìtì ọ́gáníìkì ni n kò fojúure wò mọ́. Ṣúgà tí wọn ò fín oògùn sí ìrèké rẹ̀, ṣúgà náà ni, eyín ọmọ mi kò sì mọ̀yàtọ̀.

Ti adìẹ tún lárékérekè nínú. “Natural” tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀ kò sọ ohun tí adìẹ náà jẹ tàbí ibi tó sùn. Ohun tó ń sọ ni pé wọn ò fi àwọ̀ tàbí èròjà àtọwọ́dá sí ẹran náà, wọn ò sì tún un ṣe jù. “No hormones” ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n fún adìẹ kankan ní hòmóònù, nítorí náà gbogbo adìẹ tó wà nínú ilé ìtajà ló yẹ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti sanwó lé e rí.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tiwa gan-an ló le jù. Mo bá epo pupa kan pàdé tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ORGANIC sí lára, kò sí òǹtẹ̀, kò sí orúkọ àjọ kankan. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fún wọn níwèé ẹ̀rí?” Ìyá oníṣọ́ọ̀bù wò mí tìyanu-tìyanu. “Ọmọ mi, epo pupa ni. Kí ló fẹ́ wà nínú ẹ̀?” Àwa tí a mọ̀ pé àwọn kan ń po aró mọ́ epo kí ó lè pọ́n dáadáa, a mọ ohun tó lè wà nínú ẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n.

Ìwé ẹ̀rí pàápàá kì í ṣe odi. Ní 2019 ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n tó lé ní ọdún mẹ́wàá fún Randy Constant, àgbẹ̀ ará Missouri, torí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ọkà lásán bí ọ́gáníìkì, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 140 dọ́là. Nígbà tó di oṣù kẹta 2024, ìjọba fún ìlànà náà le sí i, pàápàá fún ohun tó ń ti òkè òkun wọlé.

Lọ́wọ́ kejì, àgbẹ̀ kékeré tí ọjà ọ́gáníìkì rẹ̀ kò kọjá 5,000 dọ́là lọ́dún lè pe ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ọ́gáníìkì láìgba ìwé ẹ̀rí, bó bá ṣáà pa ìlànà mọ́. Àmọ́ kò lè lo òǹtẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn wà tí mo ń ra ewédú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà àwọn àgbẹ̀. Mo bi í ohun tó ń ṣe sí àwọn kòkòrò tó ń dá ewé lu, ó ní nẹ́ẹ̀tì ni òun fi ń bò ó, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Mo ra ti ọ̀sẹ̀ yẹn, mo sì ní kó fi ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pa mọ́ fún mi.