Kí Òkìkí Tó Dé

Kò sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tí ẹ dé ní ilẹ̀ wa tí ẹ ò ní bá ẹnìkan tí ó ń ròyìn ọjọ́ tí òun àti gbajúmọ̀ ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ẹnìkan bá olórin ńlá pàdé nílé epo, ẹlòmíràn jókòó ti òṣèré nínú bàálù láti Èkó dé Àbújá. Ìròyìn náà kì í gùn: mo rí i, mo kí i, ó dá mi lóhùn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Mo fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìpàdé mìíràn wà tí mo kà sí ju ìyẹn lọ, ìyẹn ni kí a pàdé ènìyàn kí òkìkí rẹ̀ tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọdún 1964. Ó ti tó ọdún méjì nígbà náà tí Dúró Ládiípọ̀, tíṣà àti olórin ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn kan bínú sí nítorí pé ó gbé ìlù wọ inú ìsìn, ti sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, tí ó sì fi eré Ọba Mọ́rò ṣí i. Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ sí tòun tijó. Ọmọ Ògìdì ni, ní apá ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ẹnìkan tí ó ń ta oògùn láti ìlú dé ìlú ló mú un dání pé kó máa jó kí èrò lè pé lé ọjà òun. Twins Seven Seven ló ń pe ara rẹ̀, nítorí ó ní ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, òun nìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú gbogbo wọn.

Àwa Yorùbá mọ ohun tí à ń ṣe fún oníjó. A ó ná an lówó, a ó lẹ owó náà mọ́ ọn níwájú orí, a ó sì padà sídìí ọtí wa. Beier ò fi mọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olóògùn ṣetán láti kọjá sí ìlú mìíràn, Beier ní kí oníjó dúró. Ọdún yẹn náà ni Georgina, tí òun àti Beier fẹ́ ara wọn, ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Mbari Mbayo, tí ó ń fún wọn ní ìwé àti ọ̀dà kí olúkúlùkù ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá ti rí i. Twins kò lọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan, síbẹ̀ iwin, ẹja, ẹyẹ àti ènìyàn tí ara wọn wọnú ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2005, UNESCO fi orúkọ Oníṣẹ́-Ọnà fún Àlàáfíà dá a lọ́lá. Ìbàdàn ló kú sí ní 2011.

Mo máa ń ro ti àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń jó. Gbogbo wọn ló rí ohun tí Beier rí: ẹsẹ̀ kan náà, ìlù kan náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sílé. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ta ni ń bèèrè lọ́wọ́ oníjó olóògùn pé kí ló tún lè ṣe?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Òṣun náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ẹni tí ó ń fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Òun àti àwọn mìíràn ló bá Susanne Wenger tún igbó Òṣun ṣe, igbó tí UNESCO kọ sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005 kan náà. Wenger yìí, tí wọ́n bí ní ìlú Graz ní Austria ní 1915, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, ni gbogbo Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí a wà ní kékeré, ìyá olójú tìróò tí ó ń gbé ní òpópónà Ìbòkun ni a mọ̀ ọ́n sí. Bí a bá pàdé rẹ̀, ìyá mi á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, “Ẹ kú àárọ̀, Mọ̀mọ́,” yóò fi Yorùbá dá a lóhùn, a ó sì bá tiwa lọ. Àwọn ènìyàn ń wọ bàálù láti ìlú òkèèrè wá wo ilé tí àwa ń gba iwájú rẹ̀ lọ ra ẹ̀kọ. Ó ti dàgbà gan-an kó tó kú ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2009, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo sì tó ka ìtàn rẹ̀ dáadáa. Kò dùn mí pé n kò mọ ẹni tí mo ń kí. Mo gbà pé ìkíni aládùúgbò yẹn níyì fún un ju pé kí a máa na ìka sí i lọ.

Lónìí, fóònù ti dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ara rẹ̀ mọ́ gbajúmọ̀, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń kọ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára púpọ̀. A ti rí ẹni tí a ń wá, a wá kọ ẹ̀yìn sí i kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè rí i pé a rí i. Ẹ tilẹ̀ yà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, ẹ bi í léèrè àlàáfíà ilé, kí ẹ sì wo ọmọ tí ó bá a gbé báàgì náà dáadáa, nítorí a ò mọ ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Olóògùn yẹn ń kọ́? Ìtàn kò fún un ní àyè púpọ̀. Ó bá ọjà rẹ̀ lọ sí ìlú tí ó kàn, oníjó rẹ̀ ò sì tẹ̀ lé e mọ́. Síbẹ̀, òun ló rí i ṣáájú Beier, òun ló kọ́kọ́ gbà pé ó yẹ kí èrò dúró wo ọmọ yìí, òun náà ló sì mú un dé Òṣogbo. Nígbàkígbà tí mo bá ń ka àwọn tí wọ́n dá iṣẹ́ ọnà Òṣogbo sílẹ̀, mo máa ń ka olóògùn náà mọ́ wọn.