Táyà Ilẹ̀ Òtútù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàlàyé òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣùgbọ́n oṣù kìíní ọdún 2020 ni ó tó yé èmi tìkára mi dáadáa. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ara táyà ọkọ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí mi sí, ibẹ̀ náà sì ni ìyá mi ń gbé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ni mo ní, Nissan Micra, irú èyí tí àwọn onítakisí ń lò káàkiri agbègbè wa. Òun ni mo máa ń wà lọ kí ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba Odò Ọbà kọjá yóò jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe ọ̀nà tí a ń fi ojú kékeré wò. Ó tóóró, ó ní kòtò, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó ń ti Èkó lọ sí Òkè Ọya a sì máa sáré lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ní ìgbà tí mo ń sọ yìí, ìjọba kò tí ì parí ọ̀nà tuntun tí ó fẹ̀, tí wọ́n ń ṣe láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo rí i pé táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dán bí orí apárí. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ìlà tí ó wà ní ojú táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gọ́tà ni wọ́n jẹ́. Inú wọn ni omi òjò ń gbà jáde lábẹ́ ọkọ̀, kí rọ́bà lè tẹ ilẹ̀. Bí ìlà náà bá ti jẹ tán, orí omi ni táyà yóò máa léfòó bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ìdarí ọkọ̀ kò sì ní jẹ́ ti awakọ̀ mọ́.

Mo ka owó oṣù mi, mo ka owó ilé ìwé àwọn ọmọ, mo sì rí i pé apá mi kò ká táyà tuntun mẹ́rin. Ní àtijọ́, orílẹ̀-èdè wa ń ṣe táyà fúnra rẹ̀: Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop sì ń ṣe é ní Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé òkè òkun ni à ń wò fún táyà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká tuntun, àlòkù ni yóò rà, èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ní Tòkunbọ̀. Mo mọ̀ pé àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wà lára àwọn ẹrù tí ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí a kó wọ ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀ mo lọ rà á, nítorí pé mo rí i tí gbogbo ayé ń rà á.

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ ẹni tí ó ń tà á, ojú mi lọ sí mẹ́rin kan tí ìlà ojú wọn jìn gan-an. Wọ́n tún fi abẹ gé wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́ sí ojú rọ́bà náà káàkiri. Àwòrán òkè kan tí ó ní ṣóńṣó mẹ́ta wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, nǹkan kan bí òdòdó sì wà nínú òkè náà. Mo rò pé àmì ẹni tí ó ṣe é ni. Ọkùnrin náà ní, "Tíṣà, ẹ wo ojú rẹ̀! Òjò kankan kò lè yọ eléyìí lẹ́sẹ̀." Iye tí a fi ń ra táyà tuntun méjì ni mo fi ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo dé ilé, mo ń fi ẹ̀rín sí ẹnu bí ẹni tí ó he owó lójú ọ̀nà.

Òjò rọ̀ títí, táyà náà kò sì dójú tì mí. Mo tilẹ̀ ń fi wọ́n yangàn láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo kíyè sí i pé ọkọ̀ náà ń mì ní ibi tí ọ̀nà bá ti yí kọ̀rọ̀, bí ẹni tí ó wọ bàtà tí ó tóbi jù ú lọ. Ìlà tí ó jìn nì sì ń yọ́ bí ọṣẹ inú omi. Mo di ẹ̀bi ru ojú ọ̀nà, mo sì ń bá ìrìn àjò mi lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo lọ mú ìyá mi wá sí Ọ̀yọ́, kí ó lè bá wa sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀sán gangan ni a kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ojú títì ń dán bí omi lọ́ọ̀ọ́kán. A kò tí ì jìnnà sí Odò Ọbà tí mo fi gbọ́ "gbàmù!" ní ẹ̀yìn wa. Ọkọ̀ náà fà mí sí apá ọ̀tún, ó tún fà mí sí òsì. Ọkọ̀ àjàgbé kan wà ní ẹ̀yìn wa, ó ń fun fèrè kíkankíkan. Ọlọ́run ni ó fi í sí mi lọ́kàn pé kí n má ṣe tẹ bíréèkì. Mo di ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀, mo sì jẹ́ kí ó rọra rìn lọ sínú koríko fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé náà ré wa kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì mì wá tìtì.

Gèlè ìyá mi ti bọ́ sílẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ wo táyà ẹ̀yìn tí ojú rẹ̀ ti bó kúrò lára rẹ̀ bí èèpo iṣu sísè, ó sì bi mí pé, "Àkànní, èló ni o rà á?" Mo sọ iye rẹ̀ fún un, mo sì sọ iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Owó tí o rò pé o jèrè yẹn, ṣé ó tó owó òkú mi?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo fi táyà tí ó wà nínú búùtù rọ́pò èyí tí ó bẹ́. Nítorí pé Ògbómọ̀ṣọ́ sún mọ́ wa ju Ọ̀yọ́ lọ, a rọra padà sẹ́yìn títí a fi dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan ní ìtòsí Tákìé. Bí ọkùnrin náà ti rí mi, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ kò mọ̀ mí mọ́?" Mo wò ó, mo sì mọ̀ ọ́n. Ó ti jókòó rí ní kíláàsì mi, ní nǹkan bí ọdún 2006, kí ó tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí mo sọ ní ojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò gba ìwé.

Ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà náà, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí." Mo kà á: 4809. Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? N kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tí ó kẹ́yìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kejìdínláàádọ́ta ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án kí ẹ tó rà á, bẹ́ẹ̀ àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń kìlọ̀ pé kí táyà má ṣe ju ọdún mẹ́rin lọ." Ó wá fi ìka kan àwòrán òkè nì. "Eléyìí kì í ṣe òdòdó, sà. Yìnyín ni. Táyà ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ni ẹ gbé wá sínú oòrùn wa."

Nígbà tí mo padà sí ilé, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Ilẹ̀ Fínlándì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1934. Láti ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Jámánì sì ti ní kí onímọ́tò lò ó nígbà tí yìnyín bá bo ojú ọ̀nà. Bí òtútù bá ti wálẹ̀ ju ìwọ̀n sẹ́lísíọ̀sì 7 lọ, rọ́bà táyà ìgbà ooru a máa le, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe po rọ́bà ti ìgbà òtútù kí ó máa rọ̀ nínú òtútù, tí wọ́n sì gé e wẹ́wẹ́ kí ó lè di yìnyín mú. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ tiwa tí à ń tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ méjì, ooru ni lójú táyà náà. Lórí ọ̀dà gbígbóná, ó rọ̀ jù. Ó ń jẹ kíákíá, ọkọ̀ kì í sì í tètè dúró. Ogbó ni ó ba táyà mi jẹ́, ooru sì ràn án lọ́wọ́.

Ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ kọ́ mi bí a ti ń yan táyà. Lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀ ni a ti ń rí ìwọ̀n tí ó tọ́. Tèmi ni 155/70 R13: 155 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà; 70 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 fífẹ̀ náà; R ń sọ bí a ti to okùn inú rẹ̀; 13 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. Ó fi hàn mí pẹ̀lú pé ọ̀kan nínú táyà mi ní ọfà tí ó yẹ kí ó kọjú sí iwájú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dè é kọ́kọ́ ti kọ ọfà náà sí ẹ̀yìn.

Owó ọwọ́ mi ká táyà tuntun méjì péré ní ọjọ́ náà. Mo ní kí ó dè wọ́n sí iwájú. Ó ní, "Rárá, sà, ẹ̀yìn ni à ń de èyí tí ó dára jù sí. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á yí po ni." Ó fọ ríìmù, ó pààrọ̀ ihò afẹ́fẹ́, ó sì fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí ó tó mú sípánà. Kò fún wọn tẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá fún ọ̀kan, èyí tí ó kọjú sí i ni yóò fún ṣìkejì, kí ríìmù lè jókòó déédéé. Nígbà tí ó ti yọ jáàkì ni ó tó fún wọn ní àfúntán. Ó ní kí n tún wọn wò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí n sì máa wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ tí táyà bá tutù. Ní òpin oṣù, mo padà wá ra méjì tí ó kù.

Kí n tó lọ, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sí ọ ní kíláàsì ní ọjọ́ kan. Jọ̀wọ́, fi orí jì mí." Ó yára dáhùn pé, "Háà, sà, mo ti gbàgbé." Bí ó ti yára tó ni mo fi mọ̀ pé kò gbàgbé.

Táyà tí ó bẹ́ nì wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mi títí di òní. Lọ́dọọdún ni mo ń yí i wá sí iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tí mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ sí mi létí. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, mo ń sọ ẹni tí ó kọ́ mi fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi í léèrè ilẹ̀ tí a ṣe é fún àti ọjọ́ tí a ṣe é. Kí ẹ sì tó sọ pé ẹnì kan kò mọ ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú ìwé tí òun ń kà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.