OLÓRIN TÍ Ó DÀGBÀ SÍ ÌLÚ ÀJÒ BÍ ÀWỌN ỌMỌ WA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe náà bá àwa tí a ti ilé wá mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí sí Asata, Uwani àti Abakpa ńkọ́? Ewo ni ilé, ewo ni àjò lójú tiwọn? Nígbàkígbà tí a bá ro ọ̀rọ̀ yìí, olórin kan ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn: Sonny Okosun.

Ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún láàárín wa kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Ọmọ Esan ni bàbá àti ìyá rẹ̀, láti ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ṣùgbọ́n Enugu níbí ni ó dàgbà sí. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí àwọn àlejò pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ìlú yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wa èédú ní ọdún 1915, ọkọ̀ ojú irin láti Port Harcourt sì dé ní ọdún 1916. Láti ìgbà náà ni onírúurú ẹ̀yà ti ń wá ṣiṣẹ́ níbí, àwọn ènìyàn tiwa náà sì wà nínú wọn.

Ní Enugu yìí ni Okosun ti dá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960. The Postmen ni orúkọ wọn, orin Elvis Presley àti ti àwọn Beatles ni wọ́n sì ń kọ. Nígbà tí ogun dé ní 1967, ó lọ sí Èkó. Ó bá Victor Uwaifo ṣiṣẹ́, ó sì bá wọn dé Japan ní 1970. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí a mọ̀ sí Ozziddi sílẹ̀, tí ó fi gìtá rọ́ọ̀kì lu háílàìfù, régè àti ìlù ìbílẹ̀ pọ̀. Orin rẹ̀ "Fire in Soweto" ti ọdún 1977, tí ó fi bá àwọn ènìyàn dúdú South Africa kẹ́dùn, ni ó gbé orúkọ rẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Orí tẹlifíṣọ̀n àti inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni àwa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá sì wo irú wọn ní pápá ìṣeré, bí ìka ọwọ́ ni wọ́n ń rí lọ́ọ̀ọ́kán. Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ó ti yí sí orin ìyìn Ọlọ́run, àwa mẹ́ta kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba gbọ́ pé yóò kọrin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Uwani. A tètè dé ibẹ̀. Àga inú gbọ̀ngàn náà kò ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ìlà kẹta ni a jókòó sí.

Ohun tí a rí ní ìtòsí yàtọ̀. A rí òógùn tí ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. A rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń tẹ okùn gìtá, a sì ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lu pákó tí ó dúró lé. Ó ń fi èdè Ígbò bá àwọn ìyá tí ó wà níwájú ṣẹ̀fẹ̀, àwọn náà ń dá a lóhùn bí ọmọ àdúgbò wọn. Lójijì ni iná lọ. Gìtá dákẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dákẹ́, òkùnkùn ṣú. Kò sí ẹni tí ó dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, onílù tẹ̀ lé e, gbogbo wa sì gba orin náà. Ohùn ènìyàn lásán ni, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ó kan ègbè ní èdè Yorùbá, àwa mẹ́ta dìde, a fi ohùn gbé e. Àwọn ará Ígbò tí ó yí wa ká wo ẹnu wa, wọ́n sì ń kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èdè wa kì í ṣe èdè àlejò nínú gbọ̀ngàn yẹn.

Okosun kú ní ìlú Washington ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún àwa tí a ń tọ́mọ ní ìlú àjò kò kú. Ó gbọ́ èdè ìlú tí ó ti dàgbà, ó sì lò ó, síbẹ̀ kò sọ Esan nù. Àwọn ọmọ tiwa ń sọ Ígbò dáadáa. Ọrọ̀ ni èyí, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn wí. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé bí a bá kí wọn ní Yorùbá, òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dáhùn. Ẹni tí kò ní nǹkan tirẹ̀ lọ́wọ́, kí ni yóò fi lu ti ẹlòmíràn pọ̀?

Nítorí náà ni a ṣe ń dá a lábàá fún ẹgbẹ́ wa. Ní ọjọ́ ọdún wa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a ń tò bí òkè máa ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń bọ́ síta. Kí a máa ṣe ọdún náà, kò burú. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọmọ jọ sínú yàrá kan, kí a wá ìlù méjì àti gìtá kan. Kí àgbà kọ orin Yorùbá kan, kí ọmọ gbè é, kí ọmọ náà sì kọ́ wa ní ti Ígbò tí ó mọ̀. Kí wọ́n jókòó sí ibi tí wọn yóò ti rí ẹnu wa. Èyí kò ní kí a dáwó ńlá.

Kí Olúwa dá àwọn ọmọ wa sí, kí wọ́n níyì nílé, kí wọ́n níyì lájò. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.