Salaga: Ọjà Ńlá Tó Di Ìtàn

Kalpohin jẹ́ àdúgbò kan nílùú Tamale, ní àríwá Gánà. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí Salaga máa kọrí sí gúúsù ìlà oòrùn, ìrìn náà á sì lé ní 100 kìlómítà. Ìlú Salaga ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi lónìí. Àmọ́ ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, Tamale ò tíì lókìkí. Salaga ni gbogbo oníṣòwò ń lọ.

Kí ló sọ ìlú náà di ńlá? Obì ni. Inú igbó Àṣáńtì lobì ti ń wá, àwọn Haúsá sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò lè pẹ́ láyé nínú igbó, torí náà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù wá sí Salaga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dì í lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ilẹ̀ Gonja ni Salaga wà, àwọn kan sì sọ pé látinú orúkọ yẹn ni Yorùbá ti rí “gbànja” tá a fi ń pe obì.

Ó ṣeni láàánú pé wọ́n tún ń ta èèyàn níbẹ̀. Àwọn kànga àtijọ́ ṣì wà nílùú náà. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé omi wọn ni wọ́n fi ń wẹ àwọn ẹrú kí wọ́n tó kó wọn lọ sọ́jà.

Lọ́dún 1874, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Àṣáńtì, Salaga sì bọ́ lábẹ́ wọn. Inú bí Àṣáńtì, ni wọ́n bá darí obì wọn gba Kintampo. Síbẹ̀, Salaga ò pa run. Ìjà oyè ló fọ́ ọ. Lọ́dún 1892, àwọn ọmọ ọba Kpembe, tó ń ṣàkóso Salaga, kọjú ìjà síra wọn. Ẹgbẹ́ kan lọ pe Dagomba wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ogun náà tú ọjà ká. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò sá lọ sí Kete Krachi. Alhaji Umar, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní Kano, wà lára wọn.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pín ilẹ̀ náà lọ́dún 1899, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Salaga bọ́ sí. Àmọ́ Tamale ni wọ́n fi ṣe olú ìlú àríwá lọ́dún 1907.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ka ìtàn Tírè, ìlú àwọn Fòníṣíà tó lówó torí òwò orí omi. Aleksáńdà ló wá látòkèèrè wá ṣẹ́gun rẹ̀ lọ́dún 332 kí wọ́n tó bí Jésù. Ti Salaga yàtọ̀. Àwọn ọmọ ilé ló ṣílẹ̀kùn fún ogun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.