Ẹjọ́ Abẹ́rẹ́ Essendon: Wọ́n Jó Lóṣù Kẹta, Ẹkún Dé Lóṣù Kìn-ín-ní!

Ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, lóṣù kẹta ọdún 2015, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbẹnu àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù: kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ẹ́ sọ? Ẹ̀sùn ni pé agbábọ́ọ̀lù Essendon mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) gba abẹ́rẹ́ Thymosin Beta-4, tí òfin kò gbà láyè, lọ́dún 2012.

Àwọn olólùfẹ́ Essendon ní ẹ̀rí dà? Àwọn alátakò ní iná kan ò lè ṣàì sí níbi tí èéfín ti ń rú. Àwọ̀ jẹ́síì ni kálukú fi ń dájọ́. Bẹ́ẹ̀, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni.

Lọ́jọ́ 31, ìgbìmọ̀ ní ẹ̀rí ò tó. Inú Essendon dùn. Àṣé ẹjọ́ ò tíì tán! WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nídìí eré ìdárayá, pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó di January 12, 2016, ilé-ẹjọ́ CAS ní gbogbo wọn jẹ̀bi. Àwọn tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nínú wọn ò lè kópa lọ́dún yẹn, Essendon sì gbé ìsàlẹ̀ tábìlì. Jobe Watson yọwọ́ nínú àmì-ẹ̀yẹ Brownlow tó gbà lọ́dún 2012.

Ariwo ti lọ sílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kíláàbù ò ní àkọsílẹ̀ tó péye nípa ohun tí wọ́n gún fáwọn ọmọ náà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi pariwo.