Ẹ̀ṣẹ̀ Wo Ni Ológbò Dúdú Ṣẹ̀?

Ní Awo lẹ́bàá Ẹdẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ojú àjẹ́ ni àwọn kan fi ń wo ológbò dúdú. Bẹ́ẹ̀, òun àti abilà tí wọ́n ń kẹ́ lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Lóòótọ́, ìran a máa fa ìwà: Persian onírun gígùn fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́; Siamese ilẹ̀ Thailand, olójú búlúù, kì í yé ké, àfi bí ẹni tí ń bá ará ilé ṣàròyé. Ṣùgbọ́n dúdú kì í ṣe ìran. Àwọ̀ irun lásán ni. Ẹni tó bá sọ ọ́ lókò pa ti yọ̀ǹda gàrí rẹ̀ fún eku, bẹ́ẹ̀ eku ní í gbé ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní Borno lọ́dún 1969, wọlé.