Ẹ̀wà Inú Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ebi kò mọ àlejò. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Tokyo, búrẹ́dì tí wọ́n la láàárín ni mo kọ́kọ́ rà. Kí ni mo bá nínú rẹ̀? Núdù, irú èyí tí a mọ̀ sí Indomie nílé! ‘Yakisoba’ ni wọ́n ń pè é. Kábéèjì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi dín in. Mo rẹ́rìn-ín. (Àwa tí à ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgànyìn ńkọ́?)

Èkejì, ‘anpan’, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè ló kún inú rẹ̀. Ọdún 1874 ni Kimura Yasubei gbé e jáde. Ní 1875, Ọba Meiji jẹ ẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ń sunkún lórí fóònù pé ebi yóò pa mí sílẹ̀ onílẹ̀.

“Màámi, ẹ̀wà ń bẹ níbí.”

Ẹkún dá. “Ọkọ mi, ṣé ata wà nínú ẹ̀?”

Mo ní ata wà níbẹ̀ dáadáa.